Bàbá Ńkọ́: Ṣé "Is" Ni Àbí "Was"?

Ẹ kú ìjókòó o. Ká ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà, ọ̀rẹ́ yín kan sì wá pàdé yín. Ẹ fẹ́ béèrè bàbá rẹ̀, ẹ wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́: "How was your father?" Àyà ọ̀rẹ́ yín lè já, torí ó lè dún létí rẹ̀ bíi pé bàbá ò sí láyé mọ́. Bàbá wà láàyè, "How is your father?" ló yẹ ká sọ. Àfi tí ọ̀rẹ́ náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kí wọn dé, tẹ́ ẹ fẹ́ mọ bó ṣe bá wọn, ìgbà yẹn ni "was" tó lè wọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lójú rèé: "ńkọ́" kan ṣoṣo ti tó wa. Bàbá ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ìrìn àjò ńkọ́? Ohun tó ti parí o, èyí tó ń lọ lọ́wọ́ o, ẹni tó gbọ́ ti mọ èyí tí à ń wí. Èdè wa ò ní àléébù kankan níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bóyá nǹkan náà ti kọjá.

Ilẹ̀ ti mọ́, òru ti lọ: "How was your night?" Àlejò ti gúnlẹ̀: "How was your journey?" Bó bá ṣì wà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ pè é lórí fóònù: "How is the journey going?"

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ni "How have you been?" sún mọ́ jù. Ó ń béèrè láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti rí ara yín gbẹ̀yìn títí di ìsinsìnyí. Torí náà, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń tajà ní Ọjà Ọba n'Ílọrin lójoojúmọ́, ẹ má fi kí i.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó lọ Èkó tó ti padà sí Ọmù-Àrán, "How was Lagos?" Ẹni tó ń gbé Èkó tó wá ṣọdún nílé, "How is Lagos?" Ilé tiẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹnì kan, "Nice to meet you." Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pínyà, "It was nice meeting you." Èyí ni mo fi ń kí yín báyìí. Ó dàbọ̀ o.