Ta là ń pè ní púrúǹtù?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ péjọ sí Adó-Èkìtì lónìí, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dáná, wọn á ṣí Bíbélì wọn, wọn á máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ lórí ìlà. Wọn ò wọ iléèwé rí. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ a, b, d. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde.

Lọ́jọ́ kan mo sìn wọ́n lọ sí ọ́fíìsì kan, nítorí owó tó tọ́ sí bàbá mi tó ti dolóògbé. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì wo gèlè wọn, ó wo bàtà wọn. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan tó fi kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé wọn ò mọ̀wé. Ó fa ike tàdáwà síwájú wọn: “Màmá, ẹ tẹ̀ka síbí.” Ìyá mi ní, “Ọmọ mi, mo lè kọ orúkọ mi.” Ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà, pé ìtẹ̀ka ló yá jù. Wọ́n tẹ̀ka. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ọṣẹ fọ àtàǹpàkò yẹn.

Ẹni tó ń kàwé láràárọ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé kò mọ̀wé. Ìwé wo ni kò wá mọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ọmọkùnrin yẹn nìkan kọ́ ló sì ń rò bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 131, ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ Ààrẹ gbọ́dọ̀ kàwé dé ìwọ̀n ìwé ẹ̀rí girama, ó kéré tán. Nígbà tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀rí yẹn ní abala 318, ó fàyè gba ẹni tó jáde ìwé mẹ́fà tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 10, ṣùgbọ́n lára ohun tó so mọ́ ọn ni pé kí ó lè ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó lè kọ ọ́, kí ó yé e, kí ó sì lè fi sọ̀rọ̀ débi tí yóò tẹ́ àjọ elétò ìdìbò lọ́rùn. Kò béèrè bóyá ó lè ka èdè ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá láti 1884. Ìwé Ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́. Ta ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún, bí kò bá sí ẹni tó lè kà á?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí èdè wa ń sọ. Ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ tó kọjá lára àgbà tí kò kí i. Ó lè jẹ́ dọ́kítà. Ẹni tí kò kàwé, ìyẹn ọ̀tọ̀. Òpè ni ẹni tí kò gbọ́n. Ọ̀gbẹ̀rì ni ẹni tí kò mọ inú awo, kò sì sí iṣẹ́ tí kò ní ọ̀gbẹ̀rì tirẹ̀: lọ́dọ̀ amọ̀kòkò Ìsàn, èmi náà ọ̀gbẹ̀rì ni. Púrúǹtù wá dé, ó gbé gbogbo wọn mì. Tí wọ́n bá ti pe èèyàn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti fi sọ pé kò gbọ́n, kò mọṣẹ́, kò mọ̀wà hù. Kódà láàárín àwa Yorùbá, ọmọ Èkìtì tó bá pe ilé ní “ulé” ní kíláàsì, ará oko ni wọn á pè é.

Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ìdí igi gbígbẹ́ ló ti kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ní kíláàsì. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ní apá kan, Ògògà jókòó. Ní apá kejì, àwọn èèyàn gbé òyìnbó aláṣẹ bọ̀ wá kí i. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò gbowó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Títí dòní, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń dúró níwájú igi yẹn, wọ́n ń ka ìtàn tí Ọlọ́wẹ̀ kọ sí i.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Àìlèkàwé ń dunni. Àbúrò bàbá mi kan wà ní Ìjerò, tí ọmọ rẹ̀ máa ń kọ lẹ́tà sí láti Èkó. Ọmọ aládùúgbò ló ń bá a kà á. Ìgbà tí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó kọ̀wé pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ mọ̀, kó tó di alẹ́, àdúgbò ti mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà sí i, kí ó sì jẹ́ pé Yorùbá ni a óò kọ́kọ́ fi kọ́ wọn.

Òfin tún wà, láti ayé àwọn amúnisìn, tó ń dáàbò bo ẹni tí kò lè kàwé. Ẹni tó bá bá irú wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀, kí ó kà á fún wọn, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá sin bàbá tàbí ìyá yín lọ síbikíbi, ẹ dúró lórí ìyẹn. Wọ́n ní kò sí agboolé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n ní Èkìtì. Owó iṣu àti owó kòkó ọwọ́ tó ń tẹ̀ka yìí la fi rán púpọ̀ nínú wọn níwèé.

Nígbà tí a padà lọ gba ìyókù owó náà, ìyá mi ti mú báírò tiwọn dání nínú àpò. Kí ọmọkùnrin yẹn tó fọwọ́ kan ike tàdáwà, wọ́n ti béèrè ibi tí orúkọ máa wà. Wọ́n rọra kọ ọ́, wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àmì ohùn sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.