Mister Johnson: Ta Gan-an Ló Bàjẹ́ Níbẹ̀?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Mister Johnson la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, fíìmù tí Bruce Beresford darí, tó jáde ní 1990. Ìtòsí Bauchi ni wọ́n ti yà á. Ìtàn ọdún 1923 ni, ní Fada, ìlú kékeré kan ní Òkè Ọya tí ìjọba òyìnbó fi àjẹ́lẹ̀ sí.

Akọ̀wé ìjọba ni Johnson. Ó mọ̀wé díẹ̀, ó ń wọ kóòtù funfun, ó sì ti gbà pé òyìnbó lòun. England ni "ilé" lẹ́nu ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò débẹ̀ rí. Àmọ́ gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀: kò tíì san owó orí Bamu ìyàwó ẹ̀ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Rudbeck ọ̀gá ẹ̀, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tí Pierce Brosnan ṣe, fẹ́ la títì, owó sì tán. Johnson ní kí wọ́n fa owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún nǹkan mìíràn, kí wọ́n fọgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣírò. Rudbeck mọ̀ pé èrú ni. Ó gbà. Nígbà tí àṣírí tú, akọ̀wé ni wọ́n lé. Ọ̀gá ò kúrò nípò. Ìgbà tí títì tún ń pe Rudbeck, ó ránṣẹ́ pe Johnson padà! Ta ni kò ní rò pé èrú ò lẹ́ṣẹ̀? Ló bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gba títì kọjá. Wọ́n tún lé e. Ó lọ jalè ní ṣọ́ọ̀bù Gollup, òyìnbó tó ti bá ṣiṣẹ́ rí, ó sì pa á.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀: Hubert Ogunde tiwa wà nínú fíìmù yìí, òun ló ṣe Brimah, bàbá Bamu. Oṣù kẹrin 1990 ló sì papòdà.

Joyce Cary ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe é, ní 1939. Inú Chinua Achebe ò dùn sí i rárá, ó wà lára ohun tó mú un kọ ìwé tiẹ̀. Èmi náà rí ohun tó ń bí i nínú: Johnson ń rẹ́rìn-ín jù bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n Maynard Eziashi, tó ṣe Johnson, fi ọgbọ́n gbé e dìde, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn òṣèrékùnrin ní Berlin ní 1991.

Ẹjọ́ ikú ni wọ́n dá fún Johnson. Ó bẹ Rudbeck pé kó má jẹ́ kí wọ́n so òun kọ́, kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Rudbeck yìnbọn fún un. Lójú tèmi, ọjọ́ tó gbà kí wọ́n yí ìwé ìṣírò yẹn ló ti pa á. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ fojú sílẹ̀ síbẹ̀ dáadáa.