Àdìtú Orí Pátákó Ṣẹ́ẹ̀sì: Àwọn Tó Dì Í àti Bó Ṣe Ń Tú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé Kétu. Àdìtú ṣẹ́ẹ̀sì ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ méjì tó wà nínú rẹ̀: ẹnì kan dì í, ẹlòmíràn tú u. Àwọn tó ń tú u pọ̀ lọ jàra. Àwọn tó dì í ni a kì í sábà dárúkọ, àwọn ni ọ̀rọ̀ sì kàn.

Kí a tó tẹ́ pátákó, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí orúkọ. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ ọ níbí: roi, dame, tour, fou, cavalier, pion. Àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ, lódì kejì ibodè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ tiwọn. Àṣìṣe gidi wà níbẹ̀. Nínú ìwé Faransé, lẹ́tà R dúró fún ọba. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, R kan náà ni ilé-ìṣọ́. Ẹni tó bá fi ojú ọ̀kan ka èkejì á gbé ọba síbi tí ilé-ìṣọ́ yẹ kó wà, á wá máa sọ pé àdìtú náà kò tú. Nítorí náà, odindi orúkọ la ó máa pè: ọba, ayaba, ilé-ìṣọ́, bíṣọ́ọ̀bù (òun ni fou, tó túmọ̀ sí wèrè), ẹṣin, ọmọ-ogun. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọlu ọba, àmọ́ tí ẹni tó kàn láti rìn kò ní ìrìn kankan tó tọ́, ọ̀mì ni, bí ọ̀mì orí ọpọ́n ayò.

Ó yá, ẹ tẹ́ ẹ. Lẹ́tà a dé h ni orúkọ ìlà òró, láti òsì funfun lọ sí ọ̀tún rẹ̀; nọ́ńbà 1 dé 8 ni ìlà ìbú, láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sí ọ̀dọ̀ dúdú. Ọba funfun wà ní b6, ọmọ-ogun funfun ní c6. Ọba dúdú wà ní a1, ilé-ìṣọ́ dúdú ní d5. Ọmọ ayò mẹ́rin péré. Funfun ló máa rìn, òun náà ló sì máa borí.

Ọmọ-ogun lọ sí c7. Ilé-ìṣọ́ kọlu ọba láti d6. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ọba bá gòkè sí b7, ilé-ìṣọ́ á bọ́ sí d7. Ọmọ-ogun kò ní lè ṣí kúrò níwájú ọba rẹ̀ mọ́, ilé-ìṣọ́ á sì jẹ ẹ́. Bí ọba bá lọ sí c5, ilé-ìṣọ́ á sá lọ sí d1: jẹ́ kí ọmọ-ogun dé ìlà kẹjọ kó di ayaba, ilé-ìṣọ́ á kọlu ọba láti c1, ọba á yà, ayaba tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣòfò. Ojú b5 nìkan ló dára. Ilé-ìṣọ́ tún kọlù ú láti d5, ọba sọ̀ kalẹ̀ sí b4. Láti d4, ọba bọ́ sí b3. Láti d3, ọba bọ́ sí c2. Níbí, kò sí ojú kankan mọ́ tí ilé-ìṣọ́ lè ti kọlù ú tí ọba kò ní jẹ ẹ́.

Ó wá padà sí d4. Ète ni. Bí ọmọ-ogun bá di ayaba ní c8, ilé-ìṣọ́ á ju ara rẹ̀ sílẹ̀ ní c4. Ayaba ní láti jẹ ẹ́, bó bá sì ti jẹ ẹ́, ọba dúdú kò níbi tí yóò rìn sí: ọ̀mì. Ohun tí Barbier, tó ń kọ abala ṣẹ́ẹ̀sì nínú ìwé ìròyìn kan ní Glasgow, rò nìyẹn nígbà tó tẹ ìtò yìí jáde níbẹ̀ ní 1895. Àlùfáà ọmọ Sípéènì kan tó ń gbé ìlú náà, Fernando Saavedra, ló rí ohun tó sá mọ́ gbogbo ojú lọ́wọ́: kí ọmọ-ogun má di ayaba, ilé-ìṣọ́ ni kó dà. Ilé-ìṣọ́ ní c8 ń halẹ̀ pé òun á pa ọba láti a8, ìyẹn ni pé á kọlù ú, kò sì ní ríbi sá sí. Dúdú gbọ́dọ̀ sáré fi ilé-ìṣọ́ tirẹ̀ dínà ní a4. Ọba funfun bọ́ sí b3, ó ń lépa ilé-ìṣọ́ náà, ilé-ìṣọ́ funfun sì tún ń halẹ̀ pé òun á pa ọba dúdú láti c1. Ohun méjì lẹ́ẹ̀kan. Dúdú kò lè dí méjèèjì.

Saavedra kì í ṣe ọ̀ta nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Ìrìn kan yìí ló sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ káàkiri ayé. Àbùkù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí a mọ̀: nígbà tí ilé-ìṣọ́ kọlu ọba láti d4, ọba lè gba c3 dípò b3, ilé-ìṣọ́ á lọ sí d1, ọba á lọ sí c2, ìtò kan náà la ó tún bá. Ọ̀nà méjì tó já sí ojú kan kì í ba àdìtú jẹ́.

Ohun tó ń ba àdìtú jẹ́ ni ìrìn àkọ́kọ́ méjì tó máa ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Kétu mọ ìyẹn dáadáa: odi àti yàrà yí ìlú ká, Àkàbà Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ aládìtú ni láti dí gbogbo ibi yòókù. Èyí tó dára jù ni kí ẹnu ọ̀nà tó ṣẹ́kù jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́kọ́ ronú kàn.

Kò sí ẹni tó gbádùn ìyẹn bíi Sam Loyd, ọmọ Amẹ́ríkà (1841–1911). Loyd ròyìn pé òun bá ọ̀rẹ́ òun, Dennis Julien, ta tẹ́tẹ́ oúnjẹ alẹ́: kí ó tọ́ka sí ọmọ ayò tó dájú pé kò ní pa ọba. Julien tọ́ka sí ọmọ-ogun funfun ní b2. Àdìtú náà jáde ní London ní 1861: funfun ní láti pa ọba dúdú ní ìrìn márùn-ún. Ọba funfun wà ní h5, ilé-ìṣọ́ rẹ̀ ní b5 àti e2, ẹṣin ní a1 àti h3, ọmọ-ogun ní b2, c2 àti g3. Ọba dúdú wà ní h1, ilé-ìṣọ́ ní c8, bíṣọ́ọ̀bù ní d8, ẹṣin ní a8, ọmọ-ogun ní a3, b6, b7, e3, f7 àti h7. Ojú á kọ́kọ́ lọ sí ilé-ìṣọ́ b5, kó lọ sí f5 kó sì pa ọba láti f1. Kò ṣeé ṣe: ilé-ìṣọ́ dúdú á bọ́ sí c5, tiwa á há síwájú ọba. Nítorí náà ọmọ-ogun b2 ló kọ́kọ́ gba b4 láti ṣọ́ c5. Dúdú ṣì bọ́ sí c5, ọmọ-ogun jẹ ẹ́. Dúdú ti ọmọ-ogun rẹ̀ sí a2, ọmọ-ogun funfun dé c6. Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí c7, ọmọ-ogun jẹ b7. Ohunkóhun tí dúdú bá ṣe, ọmọ-ogun jẹ ẹṣin a8, ó di ayaba, ó sì pa ọba láti igun kan pátákó dé igun kejì. Ẹ wo bí ibi sísá ṣe dí: ẹṣin h3 ń ṣọ́ g1, ilé-ìṣọ́ e2 ń ṣọ́ h2. Kò sí ọmọ ayò kan tó ń jókòó lásán. Ní tèmi, òye yẹn ló ga ju tẹ́tẹ́ náà lọ.

Ṣáájú Loyd ni Loveday, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà, tí àdìtú rẹ̀ jáde ní 1845. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sá sẹ́yìn láti h6 dé c1, ó kọjá d2. Ilé-ìṣọ́ wá jókòó sí d2 gan-an, ó dí bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lójú kí ọba dúdú lè ráyè mí, kó sì rìn sínú pàkúté. Nígbà náà ni ilé-ìṣọ́ bọ́ sí d4, bíṣọ́ọ̀bù sì tún ríran. Ọ̀pọ̀ aládìtú ló ti lo ọgbọ́n yìí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ di tirẹ̀, ìparí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ikú ọba sílẹ̀ ná, kí o máa dá ìrìn padà sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má fi ọmọ ayò kankan kún un àyàfi tó bá ń dí ọ̀nà kan tàbí tó ń ṣọ́ ojú kan. Bó o bá mú un kúrò tí àdìtú ṣì dúró, kó lọ. Ìrìn àkọ́kọ́ tó bá kọlu ọba tàbí tó jẹ nǹkan kì í níyì, torí òun ni gbogbo ojú á kọ́kọ́ wò. Kí o tún rí i pé ìtò náà lè ṣẹlẹ̀ nínú ayò tòótọ́: ọmọ-ogun funfun mẹ́ta lórí ìlà a túmọ̀ sí pé funfun ti jẹ nǹkan mẹ́ta, ó kéré tán, nítorí náà dúdú kò gbọ́dọ̀ ní ju mẹ́tàlá lọ lórí pátákó. Lẹ́yìn èyí, fi í sínú kọ̀ǹpútà. Ìrìn kejì tó ń ṣiṣẹ́ tí ojú ènìyàn fò dá, kọ̀ǹpútà kì í fò ó.

Iṣẹ́ yìí ní oyè tirẹ̀. Ní 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ fi oyè gíga jù dá àwọn aládìtú lọ́lá. Comins Mansfield ti Gẹ̀ẹ́sì àti Genrikh Kasparyan ti Àméníà wà lára wọn. Máàkì 70 nínú àwọn ìwé àkójọ àdìtú ti FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, ló ń gbé ènìyàn dé oyè náà.

Èyí tí ẹ ó gbé lọ sílé rèé, ti aládìtú Richard Réti, 1921. Ọba funfun ní h8, ọmọ-ogun ní c6. Ọba dúdú ní a6, ọmọ-ogun ní h5. Funfun ló ń rìn, ọ̀mì ló ń wá. Ó dà bíi pé ọba kò lè bá ọmọ-ogun dúdú láé, kò sì lè gba tirẹ̀ sílẹ̀. Ọba bọ́ sí g7, lẹ́yìn náà f6, lẹ́yìn náà e5, ní ìdábùú pátákó: ẹsẹ̀ kan náà ni ó fi ń lé méjèèjì. Bí dúdú bá jẹ c6, ọba dé f4, ó bá ọmọ-ogun náà. Bí dúdú bá ti ọmọ-ogun síwájú, ọba dé d6, àwọn méjèèjì á sì jọ di ayaba.