Òrùlé Wúrà Yẹn Kọ́ Ni Al-Aqsa

Ẹ dúró ná. Ẹ wo òrùlé rìbìtì tó ń kọ mànà láàárín Jerúsálẹ́mù àtijọ́ yìí. Kí lorúkọ ẹ̀? Mo ti gbọ́! Al-Aqsa lẹ pè é. Òun kọ́ o! Ẹ̀yin JP tẹ́ ẹ ti débẹ̀ tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ bọ̀, ẹ má bínú, ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣì í pè jù.

Èyí tó ń tàn bíi wúrà ni Qubbat al-Sakhra, ilé orí àpáta. Kálífà Abd al-Malik, olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, ló kọ́ ọ, ní nǹkan bí ọdún 691. Mọ́ṣáláṣí Al-Aqsa wà lápá gúúsù ẹ̀; òjé ni wọ́n fi bo òrùlé tiẹ̀, kì í tàn. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn Mùsùlùmí tún ń pe gbogbo ọgbà tí ilé méjèèjì wà ní Al-Aqsa. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: WÚRÀ, ILÉ ORÍ ÀPÁTA! ÒJÉ, MỌ́ṢÁLÁṢÍ AL-AQSA!

Àpáta wo? Èyí tí àwọn Júù gbà pé ibẹ̀ ni Ábúráhámù ti fẹ́ fi Ísáákì rúbọ. Àwọn Mùsùlùmí ní ibẹ̀ ni Ànábì Muhammad ti gòkè re sánmà. Àpáta kan náà! Ògiri tí àwọn Júù ń dojú kọ gbàdúrà nísàlẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ògiri tẹ́ńpìlì àwọn Júù tó wà lókè níbẹ̀ nígbà kan. Hẹ́rọ́dù ló mọ ọ́n láti fi gbé ilẹ̀ tẹ́ńpìlì ró. Àwọn ará Róòmù ti wó tẹ́ńpìlì fúnra ẹ̀ lọ́dún 70.

Ó yá, èyí tí mo fẹ́ràn jù: ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Jésù. Ìjọ mẹ́fà ló ń pín in lò. Orí òrùlé lapá tó kan àwọn ará Etiópíà. Àkàbà onígi kan wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó ti lé ní 200 ọdún. Ta ló máa dá a gbé kúrò? Ìjà nìyẹn!

Ó rán mi létí ilé bàbá bàbá mi. Ìdí igi mẹ́ta, ẹnì kan ò fọkàn tán ẹnì kan, kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ wá dèrò ọ̀dọ̀ ìyá elékuru tó wà ní òdìkejì títì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí ní Jerúsálẹ́mù náà nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ lọ́wọ́ MÙSÙLÙMÍ! Ìdílé Joudeh ló ń tọ́jú ẹ̀, ìdílé Nuseibeh ló ń fi í ṣílẹ̀kùn.

Ní ìdájí, àlùfáà tó sun inú ṣọ́ọ̀ṣì á na àkàbà kékeré síta gba ojú ihò ara ìlẹ̀kùn. Mùsùlùmí á gbé e ti ìlẹ̀kùn, á gùn ún, á ṣí àgádágodo òkè, àwọn Kristẹni á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.