Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní England?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn kan ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa sílẹ̀ fún àwọn tí ò ráyè wá. Bọ́ọ̀lù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àkókò gan-an lọ̀rọ̀ mi, bí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ṣe gbà á lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti bí òṣìṣẹ́ ṣe jà gba díẹ̀ padà.

Kí ẹ̀rọ tó dé, inú ilé ni ahunṣọ ní Lancashire, lápá àríwá England, ti ń hun aṣọ, ìyàwó àtàwọn ọmọ ń bá a ran òwú, tó bá wù ú kó sinmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè á sinmi, tọ́sẹ̀ bá fẹ́ parí á wá fi òru hun èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè rárá, Saint Monday ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 1771, Richard Arkwright dá ilé iṣẹ́ ìrànwú sílẹ̀ ní Cromford, odò ló ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀, agogo ló ń pe èèyàn wọlé. Ẹ̀rọ ò mọ Mọ́ńdè o. Tó o bá pẹ́, wọ́n á gé owó ẹ. Èyí tó dùn mí jù ni pé láwọn ilé iṣẹ́ kan, àwọn ọ̀gá á sún aago síwájú láàárọ̀, wọ́n á tún sún un sẹ́yìn lálẹ́ kí iṣẹ́ lè gùn sí i, òṣìṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ mú aago tiẹ̀ dání. Ọmọ ọdún méje wà nínú wọn! Òfin 1819 ti ní kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 9 má ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú mọ́, àmọ́ ìgbà tó di 1833 lòfin ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ìjọba yan àwọn tó máa lọ bẹ àwọn ilé iṣẹ́ wò, wọn ò sì ju mẹ́rin lọ káàkiri ìlú.

Rélùwéè náà tún dé. Aago Bristol, ìlú kan lápá ìwọ̀ oòrùn England, máa ń fi ìṣẹ́jú 10 wà lẹ́yìn ti London, torí oòrùn ìlú wọn ni wọ́n ń wò, àfìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ní kí gbogbo ibùdó máa lo aago London. Títí dòní, aago kan wà ní Bristol tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú méjì, ọ̀kan fún aago Bristol, ọ̀kan fún ti London.

Àwọn òṣìṣẹ́ ò dákẹ́, wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, wọ́n ṣèpàdé, títí òfin 1847 fi ní kí obìnrin àti ọ̀dọ́ má ṣe ju wákàtí 10 lọ lójúmọ́, ti 1850 sì ní kí wọ́n ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán Sátidé. Tí àwọn yẹn bá ti lọ, ẹ̀rọ ò lè dá ṣiṣẹ́, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin náà ṣe ń ṣíwọ́ nìyẹn.

Ọ̀sán yẹn ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Newton Heath ló dá ohun tá a mọ̀ sí Manchester United sílẹ̀ lọ́dún 1878, àwọn tó ń ṣe ohun ìjà ní Woolwich dá Arsenal sílẹ̀ lọ́dún 1886. Lọ́dún 1883, Blackburn Olympic, tí ahunṣọ àti òṣìṣẹ́ ibi ìyọ́rin wà nínú wọn, na Old Etonians, àwọn tó jáde níléèwé ọmọ ọlọ́lá, 2-1, wọ́n gba ife FA!

Arábìnrin kan wá bi mí pé àwọn obìnrin ńkọ́? Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Orúkọ wọn ni wọ́n fi ṣòfin, àmọ́ bọ́kọ bá gba pápá lọ lọ́sàn-án Sátidé, ìyàwó ló ń fọ ilẹ̀, tó ń tún ilé ṣe de Sọ́ńdè.