Ìbéèrè Inú Mọ́tò Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ṣeréṣeré

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ ní Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan nìyí. Mo tún un tò kí ó lè rọrùn láti kà, àmọ́ n kò yọ iyàn inú rẹ̀ kúrò, n kò sì fi ìbéèrè tó yí i padà pa mọ́. Ibi tí àkókò ti há, ẹ ó rí i pé mo sáré.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìdúró.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà nínú àwa tí a kàwé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí èèyàn márùn-ún tó dúró ti fẹ́ńdọ̀ oníwèé ìròyìn ní Sábó, tí wọ́n ń ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń jiyàn, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Ẹ wo àwọn aláìríṣẹ́ṣe." Bí wọ́n bá gbọ́ tí àwọn obìnrin ń bi ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí pé kí ló dé tí àlùbọ́sà fi ń ta ojú, wọ́n á ní òfófó ni. N kò gbà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, mo tún ń sọ ọ́ lónìí: níbi tí èèyàn bá ti bèèrè ọ̀rọ̀ ní gbangba, tí ẹnì kan dáhùn, tí ẹlòmíràn ní "irọ́ ni", tó sì sọ ìdí rẹ̀, iṣẹ́ ìmọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ti yàrá ìwádìí kò ju pé kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún wọn.

Ìlú tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sì ni Ìbàdàn. Níbí ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn Tribune láti 1949. Níbí ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, ní October 31, 1959. Ẹ lọ sídìí ayò nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn tó ń wòran ń sọ̀rọ̀ ju àwọn tó ń ta á lọ.

Ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ẹ jẹ́ kí á wọ Micra kan láti Ìwó Road lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń há: mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ìyá ìbejì kan wọlé ní Gate, ó pọn ọ̀kan, ó gbé èkejì sáyà. Kò tíì jókòó tán tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n ki àwọn ọmọ ní ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹnì kan sì bi í bóyá ará Ìgbó-Ọrà ni, ìlú tí ìbejì pọ̀ sí. Ó ní rárá, ará Ọ̀yọ́ lòun, ìyá òun ló wá láti Ìgbó-Ọrà. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ṣé ẹ rí i! Ọbẹ̀ ìlasa ni." Dírẹ́bà ní kì í ṣe ọbẹ̀, omi ìlú náà ni. Màmá àgbà kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò lé ẹsẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ dákẹ́ ná. Àwa náà ń jẹ ìlasa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbejì wa kò pọ̀ tó tiwọn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

Ẹ gbọ́ ohun tí màmá yẹn ṣe o. Ó mú ìlú méjì tó ń jẹ oúnjẹ kan náà, ó fi wọ́n wéra, ó rí i pé wọn kò rí bákan náà, ó sì yọ ọbẹ̀ kúrò nínú ohun tó lè fà á. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi ń kọ́ àwọn ọmọ nírú ọgbọ́n yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Màmá ṣe é láàárín Gate sí Mọ́kọ́lá, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè inú Micra yẹn náà, pé kí ló ń mú kí ìbejì pọ̀ ní Ìgbó-Ọrà, ni Dókítà Patrick Nylander gbé dání ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí, láti ìparí àwọn ọdún 1960 wọ àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n rí ní Ìgbó-Ọrà ni pé nínú ìbí 1,000, nǹkan bíi 45 sí 50 ló jẹ́ ti ìbejì. Ní Yúróòpù nígbà náà, kò ju bíi 12 lọ. Ní Jàpáánì, kò tó 10.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí ibí ló dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Oríṣi ìbejì méjì ló wà. Àwọn kan wà tí wọ́n jọra bí ìmumu: ẹyin kan ṣoṣo ló pín sí méjì nínú ìyá wọn. Irú àwọn yẹn, káàkiri ayé, bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni nínú ìbí 1,000, ìbáà ṣe London, ìbáà ṣe Èrúwà. Oríṣi kejì ni àwọn tó wá láti ara ẹyin méjì, nítorí pé ìyá wọn yọ ẹyin méjì lóṣù kan náà. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti mọ èyí, ìbéèrè yí padà nìyẹn. A kò tún bèèrè ohun tó ń pín ọmọ sí méjì mọ́, ohun tó ń mú kí obìnrin yọ ẹyin méjì lẹ́ẹ̀kan náà là ń wá. Nylander yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èròjà kan wà tó ń jáde láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ, òun ló ń sọ fún ẹyin inú obìnrin pé kí ó gbó. FSH ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó rí i pé èròjà yìí pọ̀ lára àwọn ìyá tó ti bí ìbejì ju lára àwọn tí kò bí i rí lọ. Kí ló mú un pọ̀? Ó fura sí oúnjẹ, pàápàá iṣu. Títí di òní, kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wá pé iṣu ni, tàbí pé ìlasa ni. Ohun tó dájú ni pé ìbejì ẹlẹ́yin méjì máa ń rìn nínú ìdílé. Màmá onítòmátò kò jìnnà sí òótọ́ rárá. Láti 2018 ni Ìgbó-Ọrà ti ń ṣe ọdún ìbejì, tí àlejò ń ti òkèèrè wá, tí wọ́n sì ń bèèrè ohun kan náà tí wọ́n ń jiyàn lé lórí nínú Micra wa.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òfófó ni.

Ẹ jẹ́ kí á bọ́ sórí gàrí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé: "Má mu gàrí jù, yóò bà ọ́ lójú jẹ́." Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH wa níbí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ sí agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó bá àwọn èèyàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọn kò lè rìn ṣánṣán, tí ojú àti etí wọn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ní 1968 ó kọ ohun tó rí jáde, ó sì nàka sí májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn ti bá a jiyàn, wọ́n ní sáyánáìdì nìkan kò tó láti ṣàlàyé àìsàn náà. Kò burú. Bíi ti inú Micra náà ni: ẹnì kan ní ìlasa ni, ẹnì kan ní omi ni.

Àmọ́ ibì kan wà tí iyàn kò sí. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí a bá rin ín, ara rẹ̀ á fọ́, májèlé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Bí a bá dì í sápò, tí a gbé nǹkan tó wúwo lé e, omi tó ń ro jáde á gbé lára rẹ̀ lọ. Bí ó bá jókòó fún ọjọ́ mélòó kan tó kan, á tún dínkù sí i. Bí a bá wá yan án, ooru iná á lé púpọ̀ nínú èyí tó kù lọ. Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú tó kan kíkan mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó yẹ kí á bẹ̀rù ni ẹni tó ń sáré owó, tó rin ẹ̀gẹ́ lónìí, tó sì ti yan án lọ́la.

Ibí yìí gan-an ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ti dìde. Kò dúró de alága. Ó ní:

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ìyá ìbejì. Ẹ ní wọ́n yẹ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ lójú wò, wọ́n yẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ wò. Ta ló wá padà lọ sọ fún wọn pé ohun tí a rí rèé? Èmi tí ẹ ń wò yìí, ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń ta èlùbọ́ àti gàrí. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ májèlé yìí bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ un. Òyìnbó lẹ fi kọ ọ́, àbí?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lọ, ó sì tọ́ sí i. Mo ní, "Ìyá mi, òótọ́ lẹ sọ." Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé, torí ìbéèrè yẹn tóbi ju gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ.

Gbèsè ni. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn jẹ ẹ́ ní ìdáhùn. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera kan ní Ìbàràpá, tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà fi máa ń lọ gbé ní Ìgbó-Ọrà láàárín àwọn èèyàn. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tó wà lọ́nà Mọ́níyà, ti mú ẹ̀gẹ́ tí àìsàn kì í tètè bà jẹ́ wọ oko àwọn àgbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ẹni tó bi wá ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ló ń retí. Rédíò Amúlùdùn wà ní Mọ́níyà níbẹ̀, lórí 99.1, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Kí ló ní kí ẹni tó gba owó ìwádìí má lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láti jókòó síbẹ̀, kí àwọn tó ń yan gàrí pè é, kí wọ́n bi í, kí wọ́n já a ní koro bó bá yẹ?

Mo mọ èsì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa fọ̀. Wọ́n á ní Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Mo bẹ̀ yín, kí wá ni mo ti ń sọ látàárọ̀? Ẹ̀jẹ̀, ẹyin, májèlé, ooru iná: èwo ni kò yé Ìyá níbẹ̀? Ó yé wọn débi pé wọ́n rí ibi tí a ti jẹ gbèsè. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi bò.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá bèèrè lẹ́nu ọ̀nà pé kí ló dé tí àmàlà fi máa ń dúdú nígbà tí iṣu funfun. Kí n tó lanu, Ìyá ti dáhùn: "Iṣu tí wọ́n bá bẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kì í mọ́. Èyí tí omi gbígbóná bá tètè mú, tó sì rí oòrùn gbẹ dáadáa, tiẹ̀ á mọ́ díẹ̀. Bó o bá rí èlùbọ́ tó dúdú jù, bi ẹni tó ṣe é pé ìgbà wo ló bọ iṣu rẹ̀." N kò ní nǹkan púpọ̀ láti fi kún un. Èròjà kan wà nínú iṣu tó máa ń ṣiṣẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, òun ló ń mú un dúdú. Omi gbígbóná ló ń pa agbára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá sì ti ń fi í ṣòwò fún ogójì ọdún.

Alága ti ń na aago sí mi báyìí. Àwọn ìbéèrè yòókù tí ẹ kọ ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sáré fọwọ́ bà wọ́n. Àkùkọ, báwo ló ṣe ń mọ àsìkò tó yẹ kó kọ? Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Nagoya, nílẹ̀ Jàpáánì, fi í sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kì í yí padà, síbẹ̀ ó ń kọ lásìkò, aago wà nínú ara rẹ̀. Ní 2015 wọ́n tún rí i pé ọ̀gá inú wọn ló ń kọ́kọ́ kọ, kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e ní ipò-ipò. (Àwọn bàbá tó wà níwájú fẹ́ràn èyí gan-an ni.) Eruku ọyẹ́: púpọ̀ rẹ̀ ń ti Bodélé wá ní Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ. Àlùbọ́sà: bí ọ̀bẹ bá ti fọ́ ara rẹ̀, ohun tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ á pàdé, gáàsì kan á jáde, òun ló ń ta ojú. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín kó mú, á dínkù.

A ti bá Ìyá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bódìjà fẹnu kò. A ó kó ohun tí ìwádìí rí lórí ẹ̀gẹ́ jọ lédè Yorùbá, a ó sì gbé e lọ bá àwọn tó ń yan gàrí níbi tí wọ́n ti ń yan án. Ẹni tó bá ní irú ibẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìbàràpá, tó fẹ́ kí á wá, kí ó sọ fún wa. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà ni kí ó mú. Àwa la ó san owó ọkọ̀ wa. Ẹ má ṣe wàhálà oúnjẹ. Ìbéèrè ni kí ẹ kó sílẹ̀ dè wá, pàápàá èyí tí wọ́n ti fi yín rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀ rí.