Baler: òkè lẹ́yìn, òkun níwájú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká jọ wo máàpù Fílípínì tó wà lójú yín yìí. Erékùṣù ńlá tó wà lókè yẹn, Luzon ni. Ẹ máa fojú tọ etí rẹ̀ lọ ní apá ìlà-oòrùn, níbi tí Òkun Pàsífíìkì ti ń na ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ rí ibi tí omi ti bu ilẹ̀ jẹ, bí ìgbà tí ọmọdé gé àkàrà jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́? Inú ibi tó bù yẹn ni ìlú Baler jókòó sí.

Ẹ wá wo ẹ̀yìn ìlú. Gbogbo ibi tó dúdú yìí, òkè ni. Sierra Madre ni wọ́n ń pè é. Ó tò lọ gbọọrọ ju 500 kìlómítà lọ, kò sì sí òkè mìíràn tó tò gùn tó bẹ́ẹ̀ ní Fílípínì. Ẹni tó bá ti gbá òkè àti òkun yìí mú ti mọ ìdajì ìtàn Baler.

Lónìí, títì wà. Bọ́ọ̀sì á gbéra ní Manila, olú-ìlú Fílípínì, á gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀ sí Baler. Láyé àtijọ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ni, nínú igbó kìjikìji, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ojú omi náà kì í ṣe ìgbà gbogbo. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá ni atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní amihan ti máa ń fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, òkun a sì máa ru. Ìgbì yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ń náwó wá fi pátákó gùn báyìí ní etíkun Sabang. Apẹja ayé ọjọ́un kò jẹ́ bá a ṣeré.

Àwọn Agta, tí wọ́n tún ń pè ní Dumagat, ló ti ń ṣọdẹ, tí wọ́n ń pẹja lágbègbè yìí kí Òyìnbó Sípéènì tó dé. Ní 1609 ni àwọn fadá Fransísíkà tẹ Baler dó. Ìtòsí òkun ni ìlú náà wà nígbà yẹn, níbi tí wọ́n ń pè ní Kinagunasan. Èmi ò bá wọn wí o. Ta ni kò fẹ́ kí ẹja sún mọ́lé?

Àfi ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1735, Kérésì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Òkun dìde. Tromba marina ni wọ́n pè é. Lónìí, àwọn kan ní sùnámì ni, àwọn mìíràn ní ìjì ló ti omi gòkè. Èyí ó wù ó jẹ́, ẹ padà wo ibi tó bù lórí máàpù yẹn. Omi tó bá ti agbami wọ ibi tó ń fún, tí kò ríbi tẹ́ sí mọ́, òkè ló máa gbà. Ó gbá ìlú lọ. Ìdílé díẹ̀ ló là á já, Angara, Bitong àti Poblete wà lára wọn. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ dé òkè Ermita, òkè kékeré kan tó yọrí létí omi. Ère àwọn tó ń sá gun òkè wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ bá mi wò ó dáadáa.

Wọn ò padà sí Kinagunasan mọ́. Ibòmíràn ni wọ́n tún ìlú tẹ̀ sí, ibẹ̀ ni Baler wà títí dòní.

Òkè tó wà lẹ́yìn ìlú náà ṣe tiẹ̀: kì í jẹ́ kí ìròyìn tètè wọ Baler. Ní July 1898, àwọn ọmọ Fílípínì tó ń jà fún òmìnira ká sójà Sípéènì tó lé ní 50 mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Baler. Manila bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tó ń bá Sípéènì jagun, ní oṣù August. Ní December, Sípéènì gba 20 mílíọ̀nù dọ́là, ó gbé Fílípínì fún Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà. Wọ́n mú ìwé ìròyìn wá fún wọn, àwọn sójà náà ní ayédèrú ni. Àìsàn ń pa wọ́n, wọn ò jáde. 337 ọjọ́!

Ìròyìn kékeré kan nínú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ṣí wọn lójú: wọ́n ti gbé ọ̀gá sójà kan lọ sí ìlú Málágà. Ọ̀rẹ́ Martín Cerezo, olórí wọn, ni ọ̀gá náà. Cerezo sì mọ̀ pé ọkàn ọ̀rẹ́ òun ti wà ní Málágà tipẹ́. Ta ni yóò parọ́ irú ìyẹn? Ní June 2, 1899, wọ́n jáde.